Nígbà Tí Ìyá Àgbà Yá Ahọ́n Mi Lò

"Rọra o! Ṣé o fẹ́ sọ ọ́ di èédú ni?"

Ìyá àgbà ti gba ṣíbí onígi lọ́wọ́ mi kí n tó mọ ohun tí mo ṣe. Nínú agbada, àwọn kóró kọfí ń ta pàpà, èéfín wọn sì ti gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé kan. Ìyá àgbà fi ọwọ́ kan di ìró mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sórí iná, wọ́n fa èéfín náà símú. "Ó kù díẹ̀." Wọ́n rò ó, wọ́n tún fà á. "Ó ṣì kù díẹ̀." Mo dúró tì wọ́n, ojú ń ta mí, imú mi ń ṣomi. Lójijì ni wọ́n fi àkísà gbé agbada sọ̀ kalẹ̀. "Ó ti tó! Fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ, orogún mi!" Ni mo bá gbé abẹ̀bẹ̀, mo ń fẹ́ kọfí bí ẹni pé ọba ló jókòó sínú agbada.

Orogún ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n ní kí bàbá àgbà tó kú, èmi ni ọkọ àwọn fẹ́ràn jù nínú ilé, pé ìyàwó kékeré tí wọ́n fẹ́ lé àwọn lórí ni mí. Àwọn ló bí ìyá mi. Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ ní Èkó nígbà náà, èmi sì ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ṣàgámù, nínú ilé tó jẹ́ pé obì ló ni ín, àwa kàn ń bá obì gbé ibẹ̀ ni. Agbọ̀n obì gbànja wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ewé gbódògí tútù la fi ń bò wọ́n, nítorí obì kò fẹ́ gbígbẹ. Ní ọjọ́ mélòó kan síra wọn, ìyá àgbà á ṣí agbọ̀n, á fi ọwọ́ yí obì, á fi imú gbóòórùn rẹ̀, á ṣa èyí tó ti ń bàjẹ́ kúrò, á tún fi ewé tuntun bò ó. Ìyá wọn ṣe é bẹ́ẹ̀, ìyá ìyá wọn náà ṣe é bẹ́ẹ̀. Rẹ́mọ paraku ni wọ́n ń sọ sí mi bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, èyí tí mo sì ń kọ sílẹ̀ yìí, mo ti tún un ṣe kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ ọ.

Bàbá àgbà ló kó kọfí wọlé. Dírẹ́bà ni wọ́n, wọ́n ń fi ọkọ̀ ńlá gbé obì lọ sí òkè Ọya, wọn kì í sì í dé lọ́wọ́ òfo. Wọ́n gbé kọfí bọ̀ láti Mambila lọ́dún kan, wọ́n gbé ti Kàbà bọ̀ lọ́dún mìíràn. Ìyá àgbà wá rántí pé igi kọfí wà ní ẹ̀yìn oko kòkó bàbá àwọn lọ́nà Símáwà, tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, tí àwọn ẹyẹ ń jẹ. Láti ìgbà náà ni kọfí ti wọ̀ wọ́n lẹ́jẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ń mu ún lásán o. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí ó ti wá.

"Kọfí Kàbà, bó ṣe ń wọlé, kì í kan ilẹ̀kùn," wọ́n á wí, wọ́n á sì lanu kí n rí bí ó ṣe wọlé. "Ó nípọn, ó korò, òórùn rẹ̀ dà bí àgbàdo sísun tó fẹ́ jóná." Ti Mambila ni wọ́n fẹ́ràn jù. Wọ́n ní ó fúyẹ́ lẹ́nu, pé ó máa ń kan díẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n dáadáa. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní orí òkè ni, òtútù ń mú níbẹ̀, ohun tí òtútù bá mú kì í yára pọ́n, ohun tí kò bá sì yára pọ́n, yóò ráyè ronú. Bó bá wá kan kọfí oko wa, ojú á ti wọ́n díẹ̀. Orí ẹní kan náà la ti ń sá a pẹ̀lú kòkó, gbogbo ara rẹ̀ ni ó ń rùn kòkó, ó sì máa ń fún èèyàn lẹ́nu bí èèpo ẹ̀pà. "Kò tó àwọn yòókù," wọ́n á ní, "ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn." Wọ́n á sì mu ife méjì.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ kọfí. Bí wọ́n bá ti kírun tán, Alájì tó ń ra obì lọ́wọ́ ìyá àgbà á gba Sábó wá sílé wa. Haúsá ni wọ́n, ṣùgbọ́n Ṣàgámù ni wọ́n dàgbà sí, wọ́n mọ òwe ju èmi lọ títí dòní. Ìyá kan tó ń ránṣọ ní ojúlé kejì náà á wá. Ọmọ ìjọ ni wọ́n, àárín ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n máa ń wà lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò sí ibi tí pásítọ̀ ti wàásù pé kí àwọn má mu kọfí Jímọ̀. Obì ni ìyá àgbà kọ́kọ́ ń pín. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu kan kọfí láìjẹ obì, kí ó sì mu omi lé e. Obì á korò, omi á wá dùn lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu á sì ṣí. Èmi náà ń gba tèmi, kò ju èékánná lọ. Nígbà náà ni Alájì á yọ kọfí tí wọ́n dì sínú bébà, wọn ò ní sọ ibi tí wọ́n ti rí i. Ìyá àgbà á mu ún, á di ojú, á pe orúkọ ìlú. Ẹ̀rín á sọ. Mi ò rí ọjọ́ tí wọ́n ṣì í pè.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọyẹ́ mú gan-an. Ọ̀fìnkìn kọ lu ìyá àgbà, wọ́n dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n sì dìde. A dúpẹ́, a gbàgbé. Nígbà tí òjò wá bẹ̀rẹ̀, Alájì fi odidi àpò kọfí Mambila tútù ránṣẹ́, èyí tí wọn ò tíì yan. Títí di ìgbà náà, ìwọ̀n kóńgò kan tàbí méjì la máa ń rí, kì í sì í pẹ́ tí a fi ń mu ún tán. Èwo ni ti odidi àpò? Níbo la fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sí? Ìyá àgbà wo àpò náà yíká, wọ́n sì ṣe ohun tí olóbì ń ṣe. Wọ́n tẹ́ ewé gbódògí sínú agbọ̀n, wọ́n da kọfí sí i, wọ́n wọ́n omi díẹ̀, wọ́n fi ewé bò ó. "Ohun tó ń tọ́jú obì ni yóò tọ́jú kọfí." Ta ló máa bá wọn jiyàn? Ilé olóbì la wà.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣí agbọ̀n náà, wọ́n tẹ orí bọ̀ ọ́, wọ́n fa imú. "Ó wà dáadáa."

"Ìyá àgbà, ó ń rùn o."

"Kí ló ń rùn?"

"Kọfí ni. Ó ń rùn bí aṣọ tútù tí wọ́n ká pamọ́."

"Imú tìrẹ ló ń rùn. Lọ wẹ̀."

Mo lọ wẹ̀. Mo padà dé, kọfí ṣì ń rùn.

Nígbà tó di Jímọ̀, wọ́n bù ú sínú agbada, wọ́n yan án. Mo ṣàkíyèsí pé ojú ni wọ́n fi ń wò ó lọ́jọ́ náà, wọn ò fa èéfín rẹ̀ símú rárá. Wọ́n tilẹ̀ bi mí pé, "Ṣé ó ti pọ́n?" Wọn ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. A gún un, a sè é, a sẹ́ ẹ, mo gbé e fún àwọn àlejò nínú ife tánganran. Ìyá aránṣọ mu ún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dìde wìrì, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wo maṣíìnì àwọn. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tutọ́ lẹ́yìn ògiri. Alájì fi tiwọn sẹ́nu fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e mì, wọ́n tún mu, wọ́n tún mu, títí ó fi tán. Wọ́n ní, "Alihamudulilai." Ìyá àgbà náà mu tiwọn dé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní, "Haa! Mambila ò ní dà wá láé."

Mo ti tọ́ ọ wò ní ilé ìdáná. Ó ti bu. Ajá ò lè mu ún.

Lẹ́yìn tí àwọn àlejò lọ, mo sọ fún ìyá àgbà. Ìyá àgbà wò mí, wọn ò bínú. Wọ́n dìde, wọ́n lọ bu iyọ̀ sẹ́nu. Wọ́n gé ata jẹ. Wọ́n mú orógbó, wọ́n jẹ odidi kan tán láìfa ojú ro, ẹni tó bá mọ bí orógbó ti ń korò á mọ ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà. "Bí igi," ni wọ́n wí. Wọ́n bá jókòó sórí agbọ̀n obì, ohun tí wọ́n máa ń tìtorí rẹ̀ nà mí.

"Ọ̀fìnkìn ọjọ́ ọyẹ́ yẹn ni. Ó lọ, ó sì kó o lọ. Imú àti ahọ́n, ó kó méjèèjì."

"Láti ìgbà ọyẹ́? Báwo lẹ ṣe ń mọ kọfí Alájì?"

"Ojú ẹ̀ ni mo ń wò. Bó bá jẹ́ Mambila ló gbé wá, kò lè pa ẹ̀rín mọ́ra. Ṣùgbọ́n lónìí, ó fi ojú pamọ́ fún mi." Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Títí kan ìyá rẹ. Bí wọ́n bá gbọ́, wọn ò ní wá mọ́. Ta ní í wá mu kọfí lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n mọ́? Ọkọ mi ti lọ, àwọn ọmọ mi wà l'Ékòó. Jímọ̀ yìí ni mo ní."

Wọ́n lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ kejì, àwọn nìkan. Àwọn dókítà tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn nímú, wọ́n ní ó lè padà, ó sì lè má padà. Ìyá àgbà délé, wọ́n da kọfí jíjẹrà náà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sì pè mí. "Orogún mi, o ní ahọ́n, èmi ní ọgbọ́n. Jẹ́ ká dà á pọ̀."

Báyìí ni ilé-ìwé mìíràn ṣe bẹ̀rẹ̀ fún mi. Bí mo bá ti dé láti sukúù, tí mo jẹun tán, a máa jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á se kọfí kékeré, màá mu ún, màá sọ ọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo ní, "Ó dùn."

"Ó dùn kọ́ ni ìròyìn. Ṣúgà dùn. Oyin dùn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn gan-an dùn. Irú dídùn wo?"

Mo ní ó korò. Wọ́n ní irú kíkorò wo, ti ewúro ni tàbí ti búrẹ́dì tó jóná? Níbo ló ti mú mi, ní iwájú ahọ́n tàbí ní ẹ̀yìn? Lẹ́yìn tí mo gbé e mì, kí ló kù? Ẹ gbà mí, mo rò pé orí mi á fọ́! Ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ gbogbo nǹkan tó wà ní ayé wò, kí n lè ní ọ̀rọ̀ tí màá fi sọ kọfí. Mo jẹ ewé ọsàn. Mo mu omi tí a fi bó obì. Mo lá èédú. Ọjọ́ kan, ìyá aránṣọ yọjú lójú fèrèsé, wọ́n rí mi níbi tí mo ti ń lá géètì.

"Yéè! Ẹ wá wo ọmọ yìí o, ó ń lá géètì! Màmá, ẹ bá mi bi í, ṣé ebi ni?"

Ìyá àgbà jáde, wọ́n wò mí, wọ́n wo géètì. "Báwo ló ṣe rí?" ni wọ́n bi mí.

"Ó dà bí ẹ̀jẹ̀, Ìyá àgbà. Bí ìgbà tí eyín mi yọ."

"Ó dára." Wọ́n sì wọlé padà. Ìyá aránṣọ gbà á ládùúrà fún wa.

A ti ń ṣe é bọ̀, ọmọ Alájì kan sì ti lọ sí Mẹ́kà, nígbà tí Alájì wá sọ lọ́jọ́ kan pé Jímọ̀ tó ń bọ̀, kọfí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ni àwọn máa gbé wá, pé àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ Màmá yóò ká a. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí wọ́n gbé e wá. Bí wọ́n ti lọ tán, ẹ̀rín náà lọ pẹ̀lú wọn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ara wọn ò balẹ̀. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Mo ń rò ó pé bí mo bá fi ahọ́n ṣi ọ̀rọ̀ sọ, èmi ni màá ba Jímọ̀ wọn jẹ́.

Ọjọ́ pé. A jẹ obì, a mu omi. Ìyá àgbà ní, "Ọmọ yìí ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lónìí. Mò ń kọ́ ọ." Irọ́ kọ́ ni. Mo gbé ife àkọ́kọ́.

"Ó nípọn. Ẹ̀yìn ahọ́n ló ti korò. Ó ń rùn bí àgbàdo tó fẹ́ jóná."

Ìyá àgbà gbà á, wọ́n mu ún, wọ́n di ojú bí wọ́n ti máa ń ṣe. "Kàbà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ife kejì fúyẹ́, ó kan díẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn, mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. "Mambila," ni ìyá àgbà wí, inú wọn ti ń dùn. Mo gbé ẹ̀kẹta. Àwọ̀ rẹ̀ kò dúdú, ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí omi àgbo. Mo mu ún. Mo tún mu ún. Mo wo ìyá àgbà.

"Sọ ọ́," ni wọ́n wí.

"Ataare."

"Kí lo wí?"

"Òórùn ataare ni, Ìyá àgbà. Kò ta mí, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ni."

Ìyá aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. "Kọfí ataare! Ọmọ tó ń lá géètì ti dé o!" Ojú Alájì tẹ́jú bí ògiri, kò sí ohun tí a lè kà níbẹ̀. Ìyá àgbà gba ife náà, wọ́n mu ún, mo sì mọ̀ pé omi gbígbóná nìkan ló kàn wọ́n lẹ́nu. Wọ́n lè sọ pé ọmọdé ni mí, kí wọ́n pe ìlú kan lásán. Wọ́n wò mí, wọ́n sì gbé ife náà sórí itan.

"Bí ọmọ yìí bá ní ataare ni, ataare ni, tàbí ọmọ ìyá ataare. A jẹ́ pé kì í ṣe ilẹ̀ wa ló ti wá. Ibi tí wọ́n ti ń fi nǹkan olóòórùn sí kọfí ni." Wọ́n yíjú sí Alájì. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín tó lọ sí Mẹ́kà, ṣé ó ti dé?"

Alájì lu itan. "Wọlahi! Ó dé lọ́jọ́ Àlàmísì! Kọfí àwọn Lárúbáwá ni, wọ́n máa ń fi èso kan sí i tó jọ ataare! Màmá, ahọ́n yín kò tíì darúgbó!"

Mo fò sókè. Ó ti parí, a ti yege! Bí ìyá àgbà bá dákẹ́ níbẹ̀, orúkọ wọn á tún ga sí i. Wọn ò dákẹ́.

"Alájì, ẹ má yìn mí. Ahọ́n mi ti kú. Láti ìgbà ọyẹ́ ni. Gbogbo ohun tí mo mu níhìn-ín lónìí, omi gbígbóná ni. Ahọ́n ọmọ yìí ni mo yá lò." Ohùn wọn gbọ̀n. "Mo fi pamọ́ fún yín, nítorí mo rò pé bí ẹ bá mọ̀, ẹ ò ní wá mọ́."

Alájì rọra tún fìlà wọn ṣe. "Màmá, mo mọ̀."

"Ẹ mọ kí ni?"

"Kọfí tó bu yẹn, tí ẹ mu dé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, tí ẹ ní ó dùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀. Kí lẹ rò pé ó jẹ́ kí n mu tèmi tán? Mi ò fẹ́ kí ojú tì yín."

"Èmi náà mọ̀ o," ni ìyá aránṣọ wí. "Èmi tí mo tutọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú!"

"Ẹ mọ̀, ẹ sì ń wá ní gbogbo Jímọ̀?"

"Kọfí wà ní Sábó," ni Alájì wí. "Ṣé mo lè máa pe kọfí Sábó ní Màmá ni?"

Ìyá àgbà fi ìborùn bo ojú. Èjìká wọn ń mì, mo rò pé ẹkún ni, ó sì jẹ́ ẹkún lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí ojú, ẹ̀rín ló gbẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn burúkú! Ẹ wá ń wò mí níran láti ọjọ́ yìí, tí mò ń di ojú, tí mò ń mi orí!" Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mo mu ife ataare náà tán, mi ò sì rí oorun sùn.

Láti ìgbà náà, a ò fi nǹkan kan pamọ́ mọ́. Èmi á tọ́ ọ wò, màá sọ ọ́, àwọn àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì máa jà lórí ìlú tó ti wá títí Alájì á fi jẹ́wọ́. Iyọ̀ padà sí ìyá àgbà lẹ́nu díẹ̀. Ìyókù kò padà. Nígbà tí mo wọ yunifásítì, tí mò ń bọ̀ wálé pẹ̀lú kọfí oríṣiríṣi tí mo rà, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì gbá ife mú nítorí ìgbóná rẹ̀, wọ́n á ní, "Ó yá, bá mi mu ún." Màá mu, màá sọ. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Mo ti rí i." Wọ́n sì rí i lóòótọ́, ojú wọn ń dán. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí wọ́n fi lọ, wọ́n gbó, wọ́n tọ́, a sì fi ẹ̀rín sìn wọ́n.

Mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, Ìperu ni mò ń gbé. Àárọ̀ Sátidé, èmi àti ọkọ mi máa ń mu kọfí níwájú ilé. Ó ti ń mu tirẹ̀ bọ̀ jẹ́jẹ́, ni ẹnu mi á bẹ̀rẹ̀: ó kan níhìn-ín, ó ṣe mùkẹ̀ níbẹ̀, òórùn ewé gbígbẹ wà níbẹ̀. Á ní, "Ìyá ọmọ, ta ló bi ọ́? Ṣebí èmi náà ń mu ún." Ó tọ̀nà, kò sẹ́ni tó bi mí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tọ́ ahọ́n mi nìyẹn. Nǹkan kì í dùn mọ́ mi lẹ́nu tán, àfi bí mo bá sọ ọ́ kí ẹlòmíràn jẹ nínú rẹ̀.